Ẹ ti gbà láti túká? Bí a ṣe ń gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ nílé ẹjọ́ gíga láìsí ìjà

Kí ẹ tó bá lọ́yà kankan sọ̀rọ̀, ẹ lọ wá sátífíkéètì ìgbéyàwó yín jáde. Ẹ mú un lọ́wọ́, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: ibi tí wọ́n ti so yín pọ̀, ọjọ́ tí wọ́n so yín, àti ẹni tó fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ló máa sọ irú kóòtù tó lè tú yín ká. Bí ẹ bá ṣi kóòtù yàn, gbogbo owó àti àkókò tí ẹ ná síbẹ̀ ti wọgbó.

Mo ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn akọ̀wé ilé ẹjọ́ gíga kan n'Íbàdàn títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ wa ni wọ́n máa ń kó ìwé ẹjọ́ lé, àwa la máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí a máa fún un ní nọ́ńbà, tí a máa ṣí fáìlì fún un. Nínú gbogbo àwọn tó ń wá sójú fèrèsé wa nítorí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, àwọn tí kò bá ara wọn jà ló máa ń ká mi lára jù. Àwọn tó ń jà ti mọ̀ pé àwọn nílò adájọ́. Àwọn tó ti fi sùúrù gbà pé ó tó gẹ́ẹ́ máa ń rò pé bí ohùn àwọn ṣe ṣọ̀kan yẹn ti tú ìgbéyàwó náà ká. Wọ́n á jókòó pẹ̀lú ẹbí, wọ́n á gbàdúrà, oníkálukú á gbé ẹrù rẹ̀, ó parí. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀kan nínú wọn á fẹ́ ṣe ìgbéyàwó mìíràn ní rẹ́jísírì, tàbí kó fẹ́ gba físà, tàbí kí ẹnì kejì kú kí ọ̀rọ̀ ogún délẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó mọ̀ pé lójú òfin, tọkọtaya ṣì ni wọ́n.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀nà náà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó wà ní Nàìjíríà, tí àwọn méjèèjì ti gbà, tí wọ́n sì fẹ́ kó ní ìwé lẹ́yìn, ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Irú ìgbéyàwó wo lẹ ṣe?

Ọ̀pọ̀ nínú wa nílẹ̀ Yorùbá ló fi ìgbéyàwó méjì tàbí mẹ́ta fẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. A ṣe ìdána, alága ìdúró àti alága ìjókòó kọrin títí, a gbé ẹrù ìyàwó kalẹ̀, bàbá ìyàwó dá owó orí padà pé òun ò ta ọmọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, a ti dé rẹ́jísírì, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí kí àfáà so yìgì. Kálukú wọn ló ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tú u.

Bó bá jẹ́ rẹ́jísírì lẹ ti fọwọ́ sí ìwé, ìbáà jẹ́ ti Ìkòyí, ìbáà jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, ìgbéyàwó òfin lẹ ṣe. Bákan náà ló rí bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ láti so ènìyàn pọ̀, tí àlùfáà sì ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé ìjọba lọ́jọ́ náà. Òfin tó wà fún títú irú ìgbéyàwó yìí ká ni Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970, ilé ẹjọ́ gíga ló sì ń lò ó. Kóòtù ìbílẹ̀ kò lágbára lórí rẹ̀. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé kóòtù ìbílẹ̀ sún mọ́ wa, ẹjọ́ ibẹ̀ máa ń yá, owó rẹ̀ kò sì ga. Ará Ìbàdàn tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀, kóòtù ìbílẹ̀ Mápó ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí Mápó bá tú ìdána yín ká, èyí tí ẹ ṣe ní rẹ́jísírì ṣì wà níbẹ̀ digbí. Bí ẹbí ìyàwó bá sì gbé owó orí padà fún ẹbí ọkọ níṣojú gbogbo àgbà ìdílé, ìgbéyàwó rẹ́jísírì kò gbọ́ sí i.

Tó bá jẹ́ ìdána nìkan lẹ ṣe, láìsí ìwé ìjọba kankan, kóòtù ìbílẹ̀ ni tiyín, ọ̀nà yín sì kúrú: ẹnì kan á gba ìwé ìpẹ̀jọ́, wọ́n á ránṣẹ́ pe ẹnì kejì, wọ́n á gbọ́ tẹnu ẹ̀yin méjèèjì, wọ́n á dájọ́. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ náà sọ́wọ́ kí ẹ tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà. Tó bá jẹ́ yìgì nìkan ni wọ́n so, ìlànà ẹ̀sìn wà fún un. Ẹ lọ bá àfáà tó so ó, kí ẹ sì gba ìwé tí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí. Èyí tó kù nínú ọ̀rọ̀ mi, ìgbéyàwó òfin ló dá lé.

“Àwa méjèèjì ti gbà” kò tó

Òfin ní kí ìgbéyàwó ti pé ọdún méjì kí ẹnikẹ́ni tó pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀. Bí kò bá tíì pé, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́, kí ẹ fi hàn án pé ìyà tí ẹ ń jẹ kọjá ohun tí ènìyàn lè fara dà, tàbí pé ìwà ẹnì kejì burú kọjá àlà. Àwọn ìdí kan wà, bí àgbèrè, tí òfin kò béèrè àyè yìí fún. Àmọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ gbà wọ́ọ́rọ́wọ́, dídúró ló rọrùn jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ohun kan ṣoṣo ni adájọ́ ń wá: ṣé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe? Òfin kò gbà kí ẹ kàn fẹnu sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Abala 15 ka nǹkan mẹ́jọ sílẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí gbe ọ̀kan lẹ́sẹ̀, ó kéré tán. Àgbèrè wà nínú wọn, ìwà tí kò ṣeé bá gbé wà nínú wọn, kí ẹnì kan ti fi ẹnì kejì sílẹ̀ lọ fún ọdún kan, ó kéré tán, wà nínú wọn. Méjì ló bá ẹ̀yin tí ẹ kò jà mu. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì gbáko títí di ọjọ́ tí ẹ pẹjọ́, kí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ má sì takò ó. Èkejì ni pé kí ẹ ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Èyí kò béèrè bóyá ẹnì kan gbà tàbí kò gbà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Tọkọtaya á wá, oṣù mẹ́rin péré ni wọ́n ti pínyà, wọ́n á ní, “Mọ́mì, àwa méjèèjì ti fọwọ́ sí i, kí ló tún kù?” Ohun tó kù ni ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ. Òfin Nàìjíríà kò mọ ìkọ̀sílẹ̀ tó dúró lórí àdéhùn nìkan. Pé ẹnì kejì kò takò ó máa ń wúlò lẹ́yìn tí ọdún méjì bá ti pé. Kò lè gba ipò ọdún méjì náà.

Àwọn mìíràn á sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ṣe irú wàhálà báyìí. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2022, tọkọtaya ní England àti Wales lè jọ kọ ìwé pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ìgbéyàwó wọn bá ti pé ọdún kan, láì fi ẹ̀sùn kankan kan ara wọn. Wọ́n á dúró fún ọ̀sẹ̀ 20, àṣẹ àkọ́kọ́ á jáde, wọ́n á tún dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó lé ọjọ́ kan, kí wọ́n tó béèrè fún àṣẹ ìkẹyìn. Òfin ibẹ̀ nìyẹn. Tiwa ṣì dúró sórí ohun tí wọ́n kọ ní 1970, ẹjọ́ tí ẹ bá sì pè n'Íbàdàn tàbí ní Ìkẹjà, òfin ti ibí ni wọ́n máa fi dá a.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pínyà sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì rántí rẹ̀, kí ẹ sì wá ohun tó máa gbè é lẹ́sẹ̀. Rìsíìtì owó ilé tí ọ̀kan nínú yín gbà níbòmíràn dára. Ìwé tí wọ́n fi gbé e lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, tó sì kọ̀ láti padà wálé lẹ́yìn rẹ̀, dára. Àbúrò tó bá a kẹ́rù lọ́jọ́ náà lè wá jẹ́rìí. Bó bá jẹ́ abẹ́ òrùlé kan náà lẹ ṣì wà, tí ọkọ wà ní yàrá iwájú tí ìyàwó wà ní yàrá ẹ̀yìn, tí ẹ ṣì ń jẹ nínú ìkòkò kan, adájọ́ kò ní gbà pé ẹ pínyà. Ohun tí òfin ń wò ni bóyá ẹ ṣì jọ ń ṣe ìdílé kan ṣoṣo. Kí ẹnì kan kó jáde kí ọjọ́ náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka dáadáa.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jọ parọ́ pọ̀. Mo mọ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á dábàá pé, “Kí a ṣáà sọ pé mo ṣe àgbèrè, kí ó lè yá.” Ẹnì kejì á gbà, nítorí pé ó ti rẹ àwọn méjèèjì. Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń fà lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀sùn àgbèrè pẹjọ́ gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tí wọ́n jọ ṣe é bó bá mọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì fa ẹni náà wọ inú ẹjọ́, kí bélífù, òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń gbé ìwé ẹjọ́ kiri, gbé ìwé lọ bá a. Orúkọ ta lẹ fẹ́ dá? Bí ẹ bá sì ti búra lórí irọ́, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn lábẹ́ òfin. Abala 27 tún sọ pé bí olùpẹ̀jọ́ bá ti bá ẹnì kejì dìtẹ̀ láti yí ẹ̀tọ́ po, adájọ́ kò ní tú ìgbéyàwó náà. Bí ẹ bá jọ jókòó gbà lórí ọmọ, ilé àti owó, ìyẹn kì í ṣe ìdìtẹ̀. Ẹ gbà lórí ìyẹn bó ṣe wù yín. Ìtàn bí ìgbéyàwó ṣe bàjẹ́ nìkan ni kí ẹ má ṣe hùmọ̀.

Ẹ jókòó lórí ọmọ àti ohun ìní kí ẹ tó pẹjọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ọkùnrin ni pé bàbá ló lọmọ. Bí àṣà bá gbà bẹ́ẹ̀ lábẹ́ igi odán, ilé ẹjọ́ gíga kò gbà bẹ́ẹ̀. Abala 71 ní ire ọmọ ni kí adájọ́ fi ṣáájú ohun gbogbo bó bá ń pinnu ọwọ́ ẹni tó máa wà. Adájọ́ lè gbé e fún ìyá, ó lè gbé e fún bàbá, ó lè gbé e fún ẹlòmíràn pàápàá. Ohun tí ẹ̀yin méjèèjì bá gbà máa ń ní ìwọ̀n púpọ̀ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dè é lọ́wọ́. Bó bá rí i pé àdéhùn yín máa ni ọmọ lára, ó lè tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, ẹ sọ ọ́ yékéyéké. “A ó jọ máa tọ́jú wọn” kò tó. Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n á máa sùn bí ilé ìwé bá wọlé? Ta ló máa san owó ilé ìwé, ṣé kó san án tààrà fún ilé ìwé ni àbí kó fún ẹnì kejì? Bí ọmọ bá ṣàìsàn lóru, ta ló ń san owó ọsibítù? Níbo ni wọ́n á ti ṣe Kérésìmesì tàbí Iléyá? Bí ọ̀kan nínú yín bá rí físà, ṣé ó lè mú wọn dání láìbéèrè? Iye owó oúnjẹ oṣooṣù ńkọ́, ìgbà wo ni ẹ máa tún un wò nítorí bí ọjà ṣe ń wọ́n? Mo ti rí ìwé àdéhùn tó kọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sójú ewé mẹ́ta, tó sì kọ ti ọmọ sí ìlà kan. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ yín kò bá tíì pé ọdún 16, ìkọ̀sílẹ̀ náà kò ní lè múlẹ̀ pátápátá àfi bó bá tẹ́ adájọ́ lọ́rùn pé ètò tó dáa wà fún wọn, tàbí bí ìdí pàtàkì kan bá wà.

Ní ti ohun ìní, ẹ ya ohun tó jẹ́ tiyín sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó jẹ́ ti ẹbí. Bí ẹ bá kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹbí ọkọ, ilẹ̀ ẹbí náà kọ́ lẹ fẹ́ pín, bẹ́ẹ̀ sì ni owó tí ìyàwó ná sórí ilé kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ẹ jọ pinnu iye tí ọkọ máa dá padà àti ìgbà tó máa san án. Ẹ kó rìsíìtì sìmẹ́ńtì, ìwé ilẹ̀ àti ìwé báńkì jáde. Adájọ́ lágbára lábẹ́ abala 72 láti pàṣẹ lórí ohun ìní, àmọ́ ó máa fẹ́ rí ohun tí kálukú fi sílẹ̀. Ẹ má gbàgbé gbèsè. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló ń ṣe onídùúró fún ara wọn ní kọ́póréétífù níbi iṣẹ́. Bí ẹ bá túká tí owó yẹn ṣì wà nílẹ̀, owó oṣù onídùúró ni wọ́n máa gé.

Bí ẹ kò bá lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fúnra yín láìgbóhùn sókè, ẹ wá ẹni àárín. Ní Èkó, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń jókòó pẹ̀lú irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àgbà ẹbí kan tí ẹ̀yin méjèèjì bọ̀wọ̀ fún náà lè ṣe é, bí kò bá ṣáà ti ní apá kan tó ń gbè. Ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí, lọ́yà á kọ ọ́, ẹ̀yin méjèèjì á fọwọ́ sí i, wọ́n á sì fi sínú ẹjọ́ kí adájọ́ lè sọ ọ́ di àṣẹ kóòtù.

Lọ́yà àti ìwé

Lójú òfin Nàìjíríà, ẹ kì í jọ pe ẹjọ́ yìí pọ̀. Ẹnì kan ni olùpẹ̀jọ́, ẹnì kejì ni ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, bí ẹ tilẹ̀ gbà délẹ̀délẹ̀. Lọ́yà kan kò lè dúró fún ẹ̀yin méjèèjì. Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ lè pinnu pé òun kò ní gba lọ́yà, ṣùgbọ́n ó kéré tán, kí ó fi ìwé àdéhùn han lọ́yà mìíràn, yàtọ̀ sí ti olùpẹ̀jọ́, kó tó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ẹ bá ń dúnàádúrà owó iṣẹ́ pẹ̀lú lọ́yà, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó náà kan gbogbo iṣẹ́ títí dé ìwé ìkẹyìn. Àwọn lọ́yà kan máa ń dúró síbi ìdájọ́ àkọ́kọ́, oníbàárà kò sì ní mọ̀ pé nǹkan ṣì kù.

Ìwé ìpẹ̀jọ́ fúnra rẹ̀ máa ń sọ orúkọ yín, ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti ṣègbéyàwó, ibi tí ẹ ti jọ gbé, orúkọ àti ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, bóyá ẹjọ́ kankan ti wà láàárín yín tẹ́lẹ̀, bí ẹ ṣe pínyà àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ kóòtù. Àfídáfíìtì á tẹ̀ lé e, tí olùpẹ̀jọ́ máa búra lé níwájú ẹni tó ń gba ìbúra ní kóòtù pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Lọ́yà náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kan pé òun ti bá oníbàárà òun sọ̀rọ̀ lórí bóyá ìgbéyàwó náà ṣì lè ṣeé tún ṣe. Ẹ má fojú kékeré wo ìwé yẹn. Mo mọ tọkọtaya tó jẹ́ pé ìbéèrè yẹn ní ọ́fíìsì lọ́yà ló mú wọn padà sílé, wọn ò sì padà wá mọ́.

Ẹ fi ẹ̀dà sátífíkéètì ìgbéyàwó sí i. Bó bá ti sọnù, ẹ lọ sí rẹ́jísírì tí ẹ ti ṣe é, kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí. Ẹ yẹ orúkọ wò lẹ́ẹ̀mejì. Bí sátífíkéètì bá kọ “Adébáyọ̀” tí ìwé ìpẹ̀jọ́ kọ “Báyọ̀”, akọ̀wé máa dá a padà, òun ló sì tọ̀nà. Owó ìwé, ẹ san án sí àpò ìjọba, kí ẹ gba rìsíìtì. Ẹ má fi owó lé akọ̀wé tàbí bélífù kankan lọ́wọ́ láìsí rìsíìtì. Ẹnu iṣẹ́ náà ni mo ti wá, mo sì mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́.

Nígbà tí bélífù bá kan ilẹ̀kùn

Ìwé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹnì kejì, bélífù ló sì ń gbé e lọ. Ìgbà yìí ni ọ̀pọ̀ àdéhùn dáradára ti máa ń fọ́. Ọkùnrin tó ti gbà, tó ti fọwọ́ sí ìwé nílé, á rí bélífù tó gbé ìwé kóòtù dé níwájú àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀, ojú á tì í, inú á bí i: “Ó gbé mi lọ sí kóòtù!” Yorùbá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti wọ̀ wá lára. Ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún bélífù, tàbí kó lọ gba lọ́yà láti takò ó. Ẹjọ́ tí kò ní ìjà nínú ti di ìjà nìyẹn.

Ẹ̀yin olùpẹ̀jọ́, ẹ pe ẹnì kejì ṣáájú. Ẹ sọ ọjọ́ tí bélífù máa wá, kí ẹ ní kó yan ibi tó wù ú láti gbà á, bóyá ilé tàbí ọ́fíìsì lọ́yà. Ẹ ṣàlàyé fún un pé orúkọ tí òfin fún ìlànà náà ni “ẹjọ́”, àti pé láìsí i, òun náà kò lè rí ìwé gbà. Ẹ̀yin tí wọ́n pè lẹ́jọ́, ìwé kan wà nínú èyí tí wọ́n máa fún yín, tí ẹ máa fi jẹ́rìí pé ẹ rí ìwé gbà. Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ dá a padà kíákíá. Bí ẹni náà bá wà lókè òkun, lọ́yà máa tọrọ àṣẹ kóòtù láti fi ìwé náà ránṣẹ́ sí i níbẹ̀. Kí ó ti fi àdírẹ́sì tó tọ́ sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà.

Ọjọ́ ẹjọ́

Bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ takò yín, adájọ́ kò ní jókòó sínú ọ́fíìsì kó kàn fọwọ́ sí ìwé. Olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí ẹ̀rí, kó búra, kó sì sọ̀rọ̀. Lọ́yà máa bi í léèrè ọjọ́ ìgbéyàwó, ó máa gba sátífíkéètì lọ́wọ́ rẹ̀ fún kóòtù, ó máa béèrè ọjọ́ tí wọ́n gbé pọ̀ kẹ́yìn, àti ètò tó wà fún àwọn ọmọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí Yorùbá bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu jù, ẹ sọ fún lọ́yà kó béèrè ògbufọ̀. Ẹ dáhùn ohun tí wọ́n bi yín nìkan. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ohun tí ìyá ọkọ ṣe ní ọdún àkọ́kọ́ ti ń ṣí ilẹ̀kùn fún ìbéèrè tí kò pọn dandan.

Ó ṣeé ṣe kí adájọ́ béèrè bóyá kò sí ìrètí mọ́. Òfin ló ní kó máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ ṣì lè parí ìjà. Bó bá rí i pé ìrètí ṣì wà, ó lè sún ẹjọ́ síwájú kí ẹ lè gbìyànjú. Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú òótọ́ inú yín.

Ẹ máa retí kí wọ́n sún un. Adájọ́ lè wà nídìí ẹjọ́ mìíràn, ìsinmi ọlọ́dọọdún àwọn adájọ́ wà láàárín ọdún, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù náà lè daṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2021, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kóòtù, JUSUN, ti ilẹ̀kùn kóòtù káàkiri orílẹ̀-èdè láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹfà. Mo rántí àwọn tó ń pè mí nígbà náà, tí ọjọ́ ẹjọ́ wọn ti pé. Ẹ má fi ọjọ́ ìgbéyàwó mìíràn sí kàlẹ́ńdà kankan.

Oṣù mẹ́ta tó ṣe pàtàkì jù

Bí ẹ̀rí bá tẹ́ adájọ́ lọ́rùn, àṣẹ tó máa kọ́kọ́ pa ni decree nisi. Ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa níbí: decree nisi kò tíì tú yín ká. Oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá lórí rẹ̀ kó tó di decree absolute, àṣẹ ìkẹyìn tó tú yín ká pátápátá. Bí adájọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ètò àwọn ọmọ nígbà tí oṣù mẹ́ta náà ti ń parí lọ, ẹ máa ka ọjọ́ 28 láti ọjọ́ tó fọwọ́ sí i. Èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì ni kóòtù máa lò.

Láàárín àkókò yẹn, tọkọtaya ni yín. Ẹni tó bá lọ ṣe ìgbéyàwó mìíràn ní rẹ́jísírì ti ṣẹ̀ sí abala 370 nínú Criminal Code, ìwé òfin ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù orílẹ̀-èdè yìí, ẹ̀wọ̀n ọdún méje ló sì wà fún un. Bí ọ̀kan nínú yín bá kú kí oṣù mẹ́ta náà tó pé, decree nisi náà ti kú pẹ̀lú rẹ̀: opó ni ẹnì kejì lójú òfin, kì í ṣe ẹni tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá sì bá ara yín rẹ́ kí ó tó pé, ẹ lè jọ lọ sọ fún kóòtù kó fagi lé e.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé tí kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́, ó máa múlẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí kì í fúnra rẹ̀ rìn wálé. Ẹ̀yin tàbí lọ́yà yín gbọ́dọ̀ lọ béèrè sátífíkéètì decree absolute ní ọ́fíìsì rẹ́jísírà kóòtù. Àìmọye ìwé yìí ló wà nínú àwọn fáìlì tí mo fi sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tí àwọn tó ni wọ́n kò wá gbà. Ẹ gba ẹ̀dà bíi mélòó kan tí wọ́n fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí, nítorí pé ẹ́ḿbásì á béèrè ọ̀kan, rẹ́jísírì tí ẹ bá fẹ́ ti ṣe ìgbéyàwó mìíràn á béèrè ọ̀kan, ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà náà á béèrè bí obìnrin bá fẹ́ padà sí orúkọ bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo orúkọ tí ẹ kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sún mọ́ yín jù níbi iṣẹ́, ní báńkì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín, àti ní ilé iṣẹ́ adójútòfò. Ìwé kóòtù kò lè yí èyíkéyìí nínú wọn padà. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín kọ ọ́, ní ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan.